Fèrèsé Ẹ̀gbẹ́, Gíláàsì Iwájú

Ẹni tó bá ti wọ bàálù rí ní Ìkẹjà mọ bí ìgbéra ṣe máa ń rí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bàálù á rọra yí imú sójú rọ́ńwéè, títì gbọọrọ tó ti máa sáré, á wá dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Lójijì ẹ́ńjìnì á bú ramúramù, ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ àga, àpótí ẹrù tó wà lókè orí á máa gbọ̀n. Ìyá tó jókòó tì yín á di ọwọ́ àga mú, á máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́ ahọ́n. Tẹ̀sùbáà á máa sáré lọ́wọ́ alhaji tó wà lápá kejì. Koríko ẹ̀gbẹ́ títì á dàpọ̀ di ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ á yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, òrùlé páànù Èkó á máa kéré sí i, gbogbo èrò á mí kanlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó yí èrò mi padà ni ìrọ̀lẹ́ kan tí mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀ méjì nínú símúlétọ̀, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n kàn bí imú bàálù gẹ́lẹ́, tó ń mì, tó ń dún, tó sì ń fi títì àti ojú ọ̀run hàn nínú gíláàsì. Ìtòsí Gatwick, ní ìlú ọba, ni. Bùọ̀dá mi kan tó ń wa Boeing 737 ló bá mi tọrọ àyè. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń dán irú wọn wò níbẹ̀. Láti ìgbà ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ gidi pa mọ́ èrò, nítorí náà ibi tí irú èmi lè sún mọ́ iṣẹ́ náà dé nìyẹn.

Bùọ̀dá ní kí wọ́n gbé Ìkẹjà sójú ẹ̀rọ fún mi. Rọ́ńwéè tó gùn jù níbẹ̀ yọ sí wa, èyí tó tó mítà 3,900, tí wọ́n kọ 18R sí lójú: 18 nítorí pé ó kọjú sí gúúsù, tí kọ́ńpáàsì ń pè ní 180; R nítorí pé òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún nínú rọ́ńwéè méjèèjì ibẹ̀. "Jókòó, so bẹ́líìtì ẹ," ó ní, "má sì sọ̀rọ̀ títí n óò fi bá ẹ sọ̀rọ̀." Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì jìnnà sẹ́yìn, atẹ́gùn ẹ̀rọ ló kàn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Lọ́dọ̀ àwa èrò, ariwo pọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ariwo ò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbé bàálù nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà níye. Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀kan náà sì ni yálà ẹnì kan ń gbéra ní Kánò tàbí ní São Paulo. Bí ọ̀kan bá sọ tirẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹni tó sọ̀rọ̀ á gbà pé nǹkan ti ṣe é.

Kí àwa lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin tó ń fi bí a ṣe ń de bẹ́líìtì hàn (bí ọ̀pọ̀ wa bá tilẹ̀ ń wò ó), àwọn méjì iwájú á ti ṣe ìṣirò. Wọ́n á da ìwúwo èrò àti ẹrù pọ̀ mọ́ ti epo, wọ́n á wo bí títì ṣe gùn tó, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ àti bí oòrùn ṣe mú tó, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, kì í gbé bàálù bíi ti afẹ́fẹ́ tútù. Olúkúlùkù á dá ṣe tirẹ̀, wọ́n á wá fi wéra. Eré mẹ́ta ló ń jáde nínú ìṣirò yìí. V1 ni ààlà: kó tó kàn án, àyè ṣì wà láti tẹ bíréèkì kí títì tó tán, tó bá ti kọjá, kódà bí ẹ́ńjìnì kan bá kú, òkè ni ibi ààbò. VR ni ibi tí wọ́n á ti gbé imú sókè. V2 ni eré tí kò gbọ́dọ̀ dín kù lójú ọ̀run bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló kù. Fún irú bàálù yẹn, wọ́n sábà máa ń wà láàárín 130 sí 150 knot tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. 140 knot tó kìlómítà 260 ní wákàtí kan.

Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sí èyí tí a ń rí nínú gbogbo eléyìí. Ṣùgbọ́n a ń rí ohun tí wọn kò rí. Ẹ jókòó sẹ́yìn apá bàálù díẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń yí lọ sí rọ́ńwéè. Ẹ ó gbọ́ "wíííín" lábẹ́ ilẹ̀, irin pẹrẹsẹ kan á sì máa yọ jáde láti ẹ̀yìn apá náà, á rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Flaps ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú apá náà fẹ̀ sí i kó lè gbé bàálù nígbà tí eré kò tíì pọ̀. Lẹ́yìn náà, irin kékeré etí apá á dìde, á wólẹ̀, á tún dìde. Awakọ̀ ló ń dán ọwọ́ ìdarí wò, tó ń yí i dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Nínú yàrá tiwọn, ohun tí wọ́n rí nínú gbogbo èyí kò ju irin kékeré kan tí wọ́n fà láti ihò kan sí òmíràn àti abẹ́rẹ́ tó yí lójú àwo. Gíláàsì iwájú kò kọjú sí apá bàálù. Ìròyìn ni awakọ̀ ń gbà nípa rẹ̀. Ọ̀dọ̀ èrò ni apá náà wà ní ìhòòhò.

Ní Detroit, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1987, bàálù MD-82 ti ilé iṣẹ́ Northwest gbéra láìna flaps. Àwọn awakọ̀ ti fo ìwé àyẹ̀wò tí ì bá rán wọn létí, aago tó yẹ kó ké sì dákẹ́ nítorí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ènìyàn 156 ló kú, a ka àwọn tó wà nílẹ̀ mọ́ ọn; ọmọ ọdún mẹ́rin kan ṣoṣo ló yè nínú bàálù náà. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù ni ọkàn mi lọ bá. Ẹ̀rí náà wà níwájú wọn gbangba, títí wọ́n fi dé òpin títì. Wọ́n ń rí i, wọn kò lè kà á. Àwọn tó lè kà á kò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìjókòó méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀ràn èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ìdajì ìdajì ni olúkúlùkù ní.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkẹjà tinú ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó jẹ́ igbákejì ló fẹ́ wa ìgbéra yẹn. Wọ́n ń retí ìyọ̀ǹda láti ilé ìṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi ṣeré. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní Tenerife, kùrukùru bo pápákọ̀, Boeing 747 méjì sì wà lórí rọ́ńwéè kan náà. Ọ̀gá awakọ̀ ti ilé iṣẹ́ KLM gbà pé wọ́n ti yọ̀ǹda òun, ó tẹná, ó sì kọlu ti Pan Am. Ènìyàn 583 ló bá a lọ. Láti ìgbà náà, ilé ìṣọ́ kì í dárúkọ "take-off" lórí rédíò àfi bí wọ́n bá ń yọ̀ǹda rẹ̀ tàbí bí wọ́n bá ń gba ìyọ̀ǹda náà padà. Nígbà tó kù, "departure" ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ "take-off" kan náà yìí ni à ń gbọ́ lókè orí wa bí wọ́n bá ní kí àwọn tó ń tọ́jú èrò jókòó, a ò sì kà á sí.

Obìnrin náà ti ọ̀pá ẹ́ńjìnì síwájú díẹ̀, ó dúró. Èyí ni ìdúró tí mo máa ń pè ní ìrònú bàálù. Ńṣe ló ń wò ó bóyá ẹ́ńjìnì méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan, nítorí bí ọ̀kan bá yára ju èkejì lọ, imú á yà kúrò lójú títì. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ọ̀pá náà sì fúnra rẹ̀ lọ síwájú. Kò lọ dé òpin. Èyí yà mí lẹ́nu. Àwa èrò gbà pé gbogbo agbára ni bàálù ń lò lásìkò yẹn; bí títì bá gùn tó tí ẹrù kò sì pọ̀ jù, wọ́n máa ń bu èyí tó tó fún un, kí ẹ́ńjìnì lè pẹ́.

Bùọ̀dá gbé ọwọ́ lé ọ̀pá ẹ́ńjìnì. Òun kọ́ ló ń wakọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá awakọ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìdúró, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. "80 knots," ó ní. "Check," obìnrin náà dáhùn. Kó tó di 80, wọ́n lè dúró nítorí nǹkan kékeré. Lẹ́yìn rẹ̀, àfi iná, àfi ẹ́ńjìnì tó kú, àfi bàálù tí kò ní lè fò. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ń dún gbì, gbì, gbì. Mo mọ ìró náà láti ẹ̀yìn. Mo ti máa ń rò pé táyà ló ń jò. Iná tí wọ́n rì mọ́ àárín títì ni, táyà imú ló ń gorí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà kàn rọra yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìró náà sì dákẹ́.

"V1."

Ọwọ́ Bùọ̀dá fò kúrò lórí ọ̀pá náà bí ẹni tí iná jó, ó gbé e lé itan. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ìyókù, n kò ní gbàgbé ọwọ́ yẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìka má baà fa ọ̀pá sẹ́yìn nínú ìpáyà nígbà tí àtidúró kò bójú mu mọ́. Láti ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn, kò sí ohun tó yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ariwo kan náà, àdúrà kan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni olùdánniwò pa ẹ́ńjìnì òsì. Imú bàálù yà bàrà sápá òsì. N kò lè sọ pé ẹ̀rù ò bà mí; àtẹ́lẹwọ́ mi tutù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà ti wọlé, imú padà sójú ìlà. "Rotate," Bùọ̀dá ní, ohùn rẹ̀ bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà. Obìnrin náà fa ọwọ́ ìdarí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò já a gbà. "Positive rate," ìyẹn ni pé ẹ̀rọ méjì ló jẹ́rìí sí i pé wọ́n ń lọ sókè lóòótọ́. "Gear up," wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù. Lẹ́yìn náà, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì ti kú, aago ń ké, iná pupa ń tàn, àwọn méjèèjì jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń gun òkè. Wọ́n ti ní in nínú ìlànà pé àfi tí bàálù bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 400 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irin kan nítorí ẹ́ńjìnì. Nígbà tó tó, Bùọ̀dá gbé ìka lé ọ̀pá òsì. Kò tíì fà á. Ó bi obìnrin náà bóyá òun nìyí. Obìnrin náà wo ìka rẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún wo ìka náà, ó ní òun ni. Nígbà náà ló tó fà á.

Mo bi í lẹ́yìn náà pé, "Bùọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ń béèrè? Ṣebí ẹ mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ ka ti Kegworth."

Mo kà á. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1989, Boeing 737-400 kan gbéra ní Heathrow, ó ń lọ sí Belfast, ènìyàn 126 ló wà nínú rẹ̀. Níbi tó ti ń gun òkè, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì òsì kán. Bàálù gbọ̀n, èéfín wọlé, àwọn tó wà lẹ́yìn sì rí i tí iná ń yọ lápá òsì. Àwọn awakọ̀, tí kò sí fèrèsé tó kọjú síbẹ̀ fún, pa ti ọ̀tún, èyí tó dára. Ó ṣe wọ́n ní kòńgẹ́ pé bí wọ́n ti dín agbára ẹ́ńjìnì kù, ìgbọ̀n náà rọlẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn mú un. Ọ̀gá awakọ̀ wá sọ̀rọ̀ sí gbogbo èrò létí pé ẹ́ńjìnì ọ̀tún ló ṣe wàhálà, àwọn sì ti pa á. Àwọn tó rí iná òsì gbọ́. Ó rú wọn lójú. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ sílẹ̀ ní East Midlands, ẹ́ńjìnì òsì kọ̀ pátápátá, bàálù já lu ẹ̀bá títì M1 nítòsí Kegworth, ènìyàn 47 kú.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹni tó jókòó sí ìlà kẹtàdínlógún, tó gbọ́ ohùn ọ̀gá awakọ̀, ohùn tó balẹ̀, tó sì dá ara rẹ̀ lójú. Ta ni òun tí yóò sọ pé ọ̀gá ṣì í? Ó ṣeé ṣe kó rò pé ọ̀tún tiwọn lọ́hùn-ún ni òsì tòun. Mo mọ̀ pé èmi náà ì bá dákẹ́. A ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó mọṣẹ́ kò fẹ́ àbá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Dryden, ní Kánádà. Òjò dídì ń bọ́ sórí apá Fokker F28 kan. Wọn kò lè pa ẹ́ńjìnì láti fọ̀ ọ́ nítorí kò sí ẹ̀rọ tí yóò tún un tan níbẹ̀. Àwọn èrò rí i tí apá náà funfun, awakọ̀ òfurufú tiẹ̀ wà lára àwọn èrò ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà kò dé iwájú. Bàálù gbéra, apá kò gbé e, ó wọ igbó. Ènìyàn 24 kú nínú 69.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí ibi tó dára jù láti wo ìgbéra, mo máa ń sọ pé iwájú ni bó bá jẹ́ ìtumọ̀ lẹ ń wá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi ti kú. Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbéra tán tí ẹ́ńjìnì rọlẹ̀ lójijì, tí inú mi sì fò bí ẹni tó ń já bọ́, mo máa ń gbà pé ó ti tán. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500 ni, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọ̀pá náà bó ṣe ń fà sẹ́yìn díẹ̀ fúnra rẹ̀, láti agbára ìgbéra sí agbára ìgùnkè, tí imú sì rẹlẹ̀ kí eré lè pọ̀, kí wọ́n lè ká flaps. Ìró tó dà bí ajá tó ń gbó lábẹ́ ilẹ̀ Airbus A320 kó tó kúrò nílẹ̀ náà kò já mi láyà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń pín agbára epo ìdarí láàárín ẹ̀ka rẹ̀ méjì ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ara rẹ̀, apá rẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ sókè bí ọrun nígbà tí ìwúwo bá ń kúrò lórí táyà bọ́ sórí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Awakọ̀ kì í rí ìyẹn. Bùọ̀dá jẹ́wọ́ fún mi pé bí òun bá wọ bàálù gẹ́gẹ́ bí èrò, ẹ̀yìn apá ni òun ń tọrọ.

Ní oṣù kìíní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó síbẹ̀ ní London, à ń bọ̀ wá sí Èkó. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Mo rí i tí nǹkan funfun kan bo òkè apá bàálù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí iyọ̀ tí wọ́n fọ́n sórí páànù. Mo tẹ aago. Ojú ń tì mí díẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú wa dé, mo ní, "Ẹ má bínú, mà, mo rí ìrì dídì lórí apá yìí. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti mọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, kò sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Ó lọ síbi tẹlifóònù wọn.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan tó ní ìlà mẹ́ta léjìká gba ọ̀nà àárín àga bọ̀ láti iwájú. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọrùn kọjá orí àwa méjèèjì, ó gbé ojú sún mọ́ fèrèsé mi. Ó wò ó pẹ́, láti ìdí apá dé ṣóńṣó rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí yóò fọ̀ ọ́ ti wà lọ́nà, àwọn ti ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó dúpẹ́. Èémí rẹ̀ ti bo gíláàsì. Ó fi etí ọwọ́ ẹ̀wù nù ún fún mi kó tó padà síwájú, ọkọ̀ náà sì dé, omi olómi-ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí apá bàálù.